Áàpù ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́ nínú ọkọ̀: ibo la ti lè tún un ṣe?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fóònù dunjú. Android kan, áàpù mẹ́ta: Google Maps tó ń júwe ọ̀nà, èyí tó ń kìlọ̀ bí eré bá ti pọ̀ jù, àti èyí tó ń ka ìwé sétí awakọ̀. Bluetooth ló so fóònù mọ́ rédíò ọkọ̀. Ìkìlọ̀ eré lè dún, ó sì lè má dún. Tó bá dún, ìwé á dákẹ́, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ mọ́ àfi kéèyàn tún un tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Maps á máa gé ọ̀rọ̀ jẹ: dípò "Ní 200 mítà, yà sí ọ̀tún", "mítà, yà sí ọ̀tún" là ń gbọ́.

Ìdáhùn 1
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìwé. Lórí Android, ó yẹ kí áàpù tó fẹ́ dún kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ó lè ní kí èyí tó ń dún rẹ ohùn sílẹ̀, ó lè yá àyè fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè gba gbogbo rẹ̀ pátápátá. Èyí tí wọ́n bá gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá kì í dá bẹ̀rẹ̀ padà. Ó jọ pé ohun tí áàpù ìkìlọ̀ yín ń ṣe nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé "píìn" kan péré ló fẹ́ ké. Ẹ wá ètò ohùn inú rẹ̀, kẹ́ ẹ yan èyí tó ń rẹ ohùn yòókù sílẹ̀. Bí kò bá ní in, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fóònù kò lè bá a ṣe é.

Ẹ má retí kí ìwé kàn lọ sílẹ̀ bí orin o. Láti Android 8 ni fóònù ti ń rẹ orin sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n áàpù tó bá ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ lòun ń kà, ṣe ló máa dúró díẹ̀ kó tó máa bá a lọ, kí gbólóhùn má bàa bọ́ sọnù.

Ìdáhùn 2
Ìwé tó dákẹ́ yẹn náà ló ń gé Maps lọ́rọ̀. Bí nǹkan kan kò bá dún, ọ̀nà ohùn Bluetooth á sùn, Maps á sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kó tó jí. Bí ìwé bá ti dákẹ́, ẹ fi orin jẹ́jẹ́ rọ́pò rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wọ Settings inú Maps, kẹ́ ẹ tẹ Navigation, kẹ́ ẹ pa "Play voice over Bluetooth". Ara fóònù ni ohùn á ti máa jáde. Ẹ gbé e sítòsí.

Àwọn áàpù kan lè sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìpè ló wọlé. Ìyẹn dáa fún ẹni tó ń gbọ́ FM, torí rédíò á dákẹ́ fún un. Fún yín, á tún máa dá ìwé dúró ni.

Ìdáhùn 3
Ìkìlọ̀ tí kì í dún rárá, ẹ wo bátìrì. Fóònù máa ń pa áàpù tí kò sí lójú. Settings, Apps, orúkọ áàpù náà, Battery, kẹ́ ẹ yan Unrestricted; ẹ sì fún un láyè Location ní "Allow all the time". Ẹ tún wo Do Not Disturb, ètò tó ń pa ìró fóònù mọ́, torí àwọn fóònù kan ń tan án fúnra wọn bí Bluetooth ọkọ̀ bá ti so. Ọkọ̀ tó dúró ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.