Báwo ni mo ṣe lè yọ «[ọ̀r.]» kúrò lára ọ̀rọ̀ Yorùbá ní JavaScript?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Mo ń to àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún áàpù táwọn ọmọdé máa fi kọ́ èdè, mo sì fẹ́ yọ àmì «[ọ̀r.]», tó dúró fún ọ̀rọ̀-orúkọ, kúrò lára ìlà kọ̀ọ̀kan.

Mo fi àmì náà sínú `ami`. `new RegExp(ami, "g")`, ìyẹn ohun èlò JavaScript tó ń fi bátànì wá ọ̀rọ̀, kò ṣeé lò bẹ́ẹ̀. Lójú RegExp, ohun tó bá wà láàárín [ ] kì í ṣe odidi ọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń wá kiri. «ọ̀rẹ́ [ọ̀r.]» wá di «ẹ́ []». `replaceAll(ami, "")` ló yanjú ìyẹn, torí ó ń ka àmì náà bó ṣe rí gan-an.

Àmọ́ àwọn ìlà kan ṣì kọ̀ jálẹ̀. Mo yẹ `.length`, ìyẹn iye kóòdù tó para pọ̀ di ọ̀rọ̀, wò: «ọ̀» jẹ́ 2 níbì kan, ó jẹ́ 3 níbòmíì. `normalize("NFC")`, tó ń sọ onírúurú ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ lẹ́tà kan náà di oríṣi kan, sọ àwọn yẹn di ọ̀kan náà. Èyí tó kù ni àwọn tí wọ́n fi ìlà kékeré abẹ́ lẹ́tà, `\u0329`, tẹ̀ dípò àmì tóótó `\u0323`. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni `normalize` ka àwọn méjèèjì sí.

Ṣé kí n pààrọ̀ gbogbo `\u0329` sí `\u0323` kí n tó ṣe `normalize`? Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé òpó kan nínú fáìlì náà ní ìpè IPA (àmì ìkọ̀wé ìró èdè tí wọ́n ń lò kárí ayé), níbi tí `\u0329` ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kí àmì kankan ṣègbé lára èdè wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?