Dungeons & Dragons pẹ̀lú àwọn ọmọ: òfin àtijọ́ tàbí tuntun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òfin Dungeons & Dragons, eré ìtàn tí a ń fi dáìsì ṣe, tó wà ṣáájú ọdún 2000 ni mo mọ̀, nínú èyí tí nọ́ńbà ìhámọ́ra (iye tó ń sọ bó ṣe ṣòro tó láti ba ẹnì kan nínú ìjà) kékeré ti sàn ju ńlá lọ. Ṣé òun ni kí n fi kọ́ àwọn ọmọ mi ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, àbí kí a jọ kọ́ tuntun?

Èsì: Ẹ jọ kọ́ tuntun, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá kọlu ọ̀tá yóò ju dáìsì olójú 20, yóò ro àfikún agbára rẹ̀ mọ́ ọn. Bí àpapọ̀ náà bá tó nọ́ńbà ìhámọ́ra ọ̀tá, ó bà á nìyẹn.

Èsì: Mo gbà pátápátá. Ìpìlẹ̀ òfin náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lédè Faransé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa kà á sókè, kí ẹ sì fi Yorùbá sọ ìtàn.