Ìdáhùn: «Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá» kò lè gbé ẹrù yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àpérò.

Mo ti ka àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nílẹ̀ fún ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ọdún 9 sí 12: «ìyípadà ojú ọjọ́» fún climate change, «ọ̀pọ̀ ẹ̀dá» fún biodiversity, àti «bíbó iyùn» fún ohun tó ń ṣe iyùn inú òkun bí omi bá gbóná jù. Mo gba ọ̀kan dé ààbọ̀, mo sì tako méjì.

«Ìyípadà ojú ọjọ́» ti wọ aráyé lẹ́nu, rédíò ń lò ó, kò ṣe é fà tu mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú ọjọ́ ń yí padà láàárọ̀, ó tún ń yí padà lálẹ́. Ọmọdé á rò pé òjò tó ṣú lánàá là ń sọ. Àwọn onímọ̀ kì í wo ọjọ́ kan ṣoṣo. Àkọsílẹ̀ bí 30 ọdún ni wọ́n sábà ń kó jọ kí wọ́n tó sọ bí ibì kan ṣe máa ń rí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ «ìyípadà ìṣesí ojú ọjọ́». Ojú ọjọ́ ni ti òní, ìṣesí ni èyí tó ti mọ́ ọn lára. Ó gùn, mo mọ̀. Ẹ lò ó ní ojú ìwé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá máa bá ti aráyé lọ.

Orí «ọ̀pọ̀ ẹ̀dá» ni ìjà mi wà. Ẹni tó dá a ní ọmọdé á tètè mọ̀ ọ́n, òótọ́ sì ni. Àmọ́ iye ni «ọ̀pọ̀» ń kà, kò bìkítà fún ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ẹ̀dá gan-an ni biodiversity ń sọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìjàpá òkun dán an wò. Ooru iyanrìn tí ìyá wọn yé ẹyin sí ló ń sọ bóyá akọ ni yóò jáde tàbí abo. Bí ooru náà bá wà ní nǹkan bíi 29°C, takọtabo ni ń jáde. Bó bá ti ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, abo ni ń pọ̀ sí i. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 rí i pé nínú àwọn ọ̀dọ́ ìjàpá aláwọ̀ ewé tí wọ́n jáde látinú ẹyin ní àwọn etíkun apá àríwá Great Barrier Reef, àgbájọ iyùn ńlá inú òkun ní Australia, ó lé ní 99% tó jẹ́ abo. Òkun lè kún fún wọn fọ́fọ́ kí ìran wọn sì wà nínú ewu. Ọmọ tí a ti kọ́ ní «ọ̀pọ̀» á bi wá pé: ṣebí wọ́n ṣì pọ̀, kí lẹ̀ ń pariwo sí? Ọ̀rọ̀ tí a fún un ló fà á.

Ohun tí mo gbé kalẹ̀ ni «ìjónírúurú ẹ̀dá abẹ̀mí». Bí «jọba» ṣe bí «ìjọba» ni «jónírúurú» ṣe bí i. Àdéhùn lórí biodiversity tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Rio, ní Brazil, ní 1992 ka nǹkan mẹ́ta mọ́ ọn: ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀dá irú kan náà, ìyàtọ̀ láti irú dé irú, àti ìyàtọ̀ àwọn àyíká tí wọ́n ń gbé. «Onírúurú» gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Ẹnìkan ní ó ń di ahọ́n. Ọmọ tó ń ka orúkọ díńósọ̀ bí ẹni ń kọrin!

Ó kan iyùn. Ẹranko ni iyùn inú òkun, wẹ́wẹ́wẹ́, tí wọ́n so pọ̀. Ohun kan tó dà bí ewéko, tí ojú lásán kò lè rí, ń gbé nínú ẹran ara wọn, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ fún wọn, òun náà ló ń fún wọn ní àwọ̀. Bí omi bá fi nǹkan bíi 1°C péré gbóná ju bó ṣe máa ń rí ní oṣù tó móoru jù lọ, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyùn á lé àlejò yìí jáde, egungun rẹ̀ funfun á wá hàn gba inú ara rẹ̀. «Bíbó» kò bá a mu, nítorí ẹni tó bó ara mọ̀ọ́mọ̀ bó o ni. Mo fara mọ́ «ìṣá iyùn», bí aṣọ ṣe ń ṣá. Àtakò tó wà nílẹ̀ ni pé aṣọ tó ti ṣá kì í padà sípò, bẹ́ẹ̀ iyùn lè rí ara gbà bí omi bá tètè tutù. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà pé funfun yẹn kì í ṣe ikú. Ebi ló ń pa iyùn tí àlejò rẹ̀ kò bá padà.

Ó ku «àkúrun», ìyẹn kí ìran ẹ̀dá kan tán pátápátá, tí ẹnìkan lò fún ẹja tó ṣí lọ sí omi tó tutù. Ìṣípòpadà nìyẹn. Eku Bramble Cay ló kú run: erékùṣù kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Bramble Cay, ní Australia, ló ń gbé, ìgbì òkun ru bò ó léraléra, ewéko tó ń jẹ run, ìjọba Australia sì kéde ní 2019 pé kò sí i mọ́.

Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju «ìṣá» lọ kó gbé e wá kí iṣẹ́ tó dé ọwọ́ atẹ̀wé.