Dátà jínọ́ọ̀mù: àṣìṣe wo lẹ ti bá pàdé tí irinṣẹ́ ò sọ fún yín?

Àyìnkẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ ká kó àwọn àṣìṣe PLINK, bcftools, samtools àti irú wọn (àwọn irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún dátà jínọ́ọ̀mù) jọ síbí, pàápàá èyí tí kì í pariwo. Bí àṣẹ bá kú lójijì, a ó rí i. Èyí tó parí wọ́ọ́rọ́ tí èsì rẹ̀ sì jẹ́ irọ́ ni mò ń wá.

Bàbá Samtools
rs334. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Bàbá Samtools
Ó dáa. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ A ti ń di S. Krómósómù 11, ipò 5248232 lórí GRCh37, 5227002 lórí GRCh38 (ẹ̀dà méjì máàpù jínọ́ọ̀mù ènìyàn). Orí strand kejì (ìkejì nínú okùn méjì DNA) ni jíìnì HBB, tó ń ṣe apá kan hemoglobin, wà, nítorí náà ohun tí ìwé ìṣègùn ń pè ní lẹ́tà A di T (GAG di GTG), T di A ni VCF, fáìlì tí a ń kọ ìyàtọ̀ jínọ́ọ̀mù sí, máa kọ ọ́. Ewu rẹ̀ nìyí: A àti T ni wọ́n jọ ń so pọ̀ nínú DNA. SNP (ibi tí lẹ́tà DNA kan ti yàtọ̀ láàárín ènìyàn) tó jẹ́ A/G, bí chip (pátákó tó ń ka DNA) bá kà á lórí strand kejì, T/C ló máa hàn, gbogbo irinṣẹ́ á sì fura. Ṣùgbọ́n A/T, bí ẹ yí i, bí ẹ ò yí i, A/T náà ni. Gbogbo àwọn AA yóò di SS nínú fáìlì yín, PLINK ò sì ní sọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì
Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yọ gbogbo A/T àti C/G kúrò kí wọ́n tó da dátà méjì pọ̀.

Bàbá Samtools
Wọ́n á sì yọ rs334 mọ́ ọn! Dátà tí wọ́n torí àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde kó jọ, wọ́n á wá yọ ibi tí àrùn náà ti wá.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Kò le jù. Ẹ ṣe `plink --bfile data --snp rs334 --freq`. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni AS, nítorí náà S kò yẹ kó ga ju 0.2 lọ. Bó bá jẹ́ 0.87, ẹ mọ̀ pé a ti yí i.

Ìyá Ìbejì
Rárá o, àbúrò mi. PLINK 1.9 máa ń fi allele (ọ̀kan nínú lẹ́tà méjì ibi kan) tó ṣọ̀wọ́n jù ṣe A1, èyí tó ń ka ìwọ̀n rẹ̀, fúnra rẹ̀. Bí ẹ ò bá fi `--keep-allele-order` sí i, ẹ ò ní rí 0.87, 0.13 náà lẹ máa rí. Lẹ́tà ni kí ẹ wò, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀: bí A1 bá jẹ́ A (lẹ́tà tó dúró fún ẹ̀jẹ̀ S), ó dára, bó bá jẹ́ T, a ti yí i, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì kan kí ẹ lo `--flip`. Ẹni tó bá fẹ́ kí REF àti ALT (lẹ́tà máàpù àti lẹ́tà tó yàtọ̀ sí i) dúró síbi tí wọ́n wà, kó lọ PLINK 2.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ ṣeun, mà. Òótọ́ ni.

Bàbá Samtools
Ẹ fi èyí kún un: bó bá jẹ́ kìlíníìkì àwọn SS ni dátà náà ti wá, S ló pọ̀ jù níbẹ̀, lẹ́tà A1 á yí padà láìjẹ́ pé strand ní àṣìṣe kankan. Kò sí ohun tó dájú tó kí ẹ mú ogún ènìyàn tí wọ́n ti ṣe electrophoresis (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi AA, AS, SS hàn) fún, kí ẹ fi èsì wọn wé ti fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Dékúnlé
gzip kọ́ ni bgzip o (méjèèjì ń fún fáìlì pọ̀). tabix, tó ń ṣe atọ́ka fáìlì, ò ní gba ti gzip.

Àyìnkẹ́
Dékúnlé, ìyẹn ń pariwo, kò sí nínú ohun tí mo béèrè 🙂

Dékúnlé
Ẹ gba èyí tí kì í pariwo: `bcftools view -r chr11:5227002` lórí fáìlì tó ń pe krómósómù ní `11` lásán. Header (àkọlé fáìlì) nìkan ló máa jáde, ẹ ó sì rò pé kò sẹ́ni tó ní i. `bcftools index -s` á fi orúkọ tí fáìlì ń lò hàn yín.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀jẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ẹni tó jẹ́ SC (S kan, C kan), heterozygous (lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) ni rs334 máa fi hàn. Bí ẹ bá wo ibẹ̀ nìkan, AS lẹ máa kọ fún aláìsàn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ C ti wá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, rs33930165, 5227003 lórí GRCh38, lẹ́tà C di T. Láàárín àwa Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ C kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ẹ má fi rs334 nìkan pín ènìyàn sí AA, AS, SS. Ẹ jọ̀ọ́ o.

Àyìnkẹ́
Èyí gan-an ni mò ń wá, mà.

Alákọsílẹ̀
Excel ńkọ́? Orúkọ jíìnì SEPT2 di ọjọ́ 2-Sep, MARCH1 di 1-Mar, ẹni tó fi fáìlì pamọ́ ò ní mọ̀.

Dékúnlé
Ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ní 2020 ni HGNC (àjọ tó ń sọ jíìnì lórúkọ) ti sọ wọ́n di SEPTIN2 àti MARCHF1.

Alákọsílẹ̀
Àwọn fáìlì àkọsílẹ̀ ti ṣáájú 2020 ńkọ́? Wọ́n ṣì wà káàkiri. Wíwò nìkan ni kí ẹ máa fi Excel ṣe: ẹ wo tábìlì níbẹ̀, ẹ má fi pamọ́ láti ibẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́
Àwọn ọ̀gá wa ò mọ R (èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò). Excel ni wọ́n lè ṣí.

Alákọsílẹ̀
Ẹ fún wọn ní ẹ̀dà tiwọn. TSV (fáìlì tábìlì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán) tòótọ́ kó wà lọ́dọ̀ yín. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí i, kí wọ́n lo Import, kí wọ́n fi òpó orúkọ jíìnì sí Text.

Mọdúpẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, `samtools sort -@ 8 -m 4G` ń kú lórí kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 32 GB. "Killed" nìkan ló kọ.

Bàbá Samtools
`-m` (ìwọ̀n mẹ́mọ́rì) wà fún thread (ẹ̀ka iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, `-@`) kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe fún gbogbo iṣẹ́. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́jọ, 32 ti tán kí kọ̀ǹpútà tó rí tiẹ̀ jẹ. Ẹ fi í sí `-@ 4 -m 2G`, kí ẹ sì pa àwọn `.tmp` tó kù sílẹ̀ rẹ́.

Mọdúpẹ́
Ẹ ṣeun, sà. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀ ńkọ́?

Dékúnlé
`samtools quickcheck -v *.bam`. Fáìlì tí kò parí kò ní àmì òpin, ó máa dárúkọ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Quickcheck ò wo àárín o, orí àti ìdí nìkan ló ń wò. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbé fáìlì náà wá láti ibòmíràn, ẹ ṣe `md5sum` níbẹ̀ àti níbí, kí ẹ fi èsì méjèèjì wéra.

Mọdúpẹ́
Mo ti dín in kù sí `-@ 4 -m 2G`. Ó ń lọ báyìí.