Éésì ọkọ̀ mi kì í tutù bí ọkọ̀ bá dúró

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Éésì ọkọ̀ mi máa ń tutù dáadáa ní ojú ọ̀nà Ṣàgámù, ṣùgbọ́n bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti dá mi dúró ní Pánṣẹ́kẹ́, atẹ́gùn gbígbóná ni yóò máa fẹ́. Ẹnìkan ní kí n rọ gáàsì sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rọ gáàsì. Kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn ẹ̀yà éésì tó ń tú ooru gáàsì síta, tó wà níwájú rédíétọ̀, nílò afẹ́fẹ́ tí yóò gba ooru kúrò lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí ó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ẹ tan éésì, kí ẹ wò ó bóyá fáànù ń yí. Bí ó bá ń yí, ẹ fi omi tí kò le jù fọ eruku ara kọ́ńdẹ́ńsà.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Gáàsì éésì kì í jó tán bí epo. Bí ó bá dín, ó ń jò níbì kan ni, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ dí. Kí wọ́n tó rọ òmíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde, ìgbésẹ̀ tó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ń fò. Ẹ ka àkọlé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú: oríṣi gáàsì éésì tí ọkọ̀ yín ń lò wà níbẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ da gáàsì R-134a pọ̀ mọ́ R-1234yf tí àwọn ọkọ̀ tuntun ń lò.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Fáànù kan kò yí rárá.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí ríwáyà yẹ fíúsì àti rílè (suwíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù) rẹ̀ wò kí ẹ tó ra fáànù.