Kíkọ́ Látìn láti Ìlọrin pẹ̀lú olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ọmọ Tanke:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Òfin ni mò ń kà, Tanke ni mò ń gbé. Mo fẹ́ gbọ́ Látìn yékéyéké, kì í ṣe kí n kàn há «nemo dat quod non habet» (ẹnikẹ́ni kò lè fúnni ní ohun tí kò ní) sórí bí orin. N kò rí ẹni tó ń kọ́ni nítòsí, ni mo ṣe ń wá olùkọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù Android nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé olùkọ́ mọṣẹ́ kí n tó sanwó? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ló yẹ ká máa pàdé? Kí ló sì dé tí wọ́n ń sọ pé «actus reus» (ìwà ọ̀daràn), tí wọ́n tún yí i padà sí «mens rea» (èrò ọ̀daràn)? Mo ti ka kéwú dé ibi náhàwù, ìyẹn gírámà Lárúbáwá, bí ìyẹn bá wúlò.

Ará Pákátà:
Àbúrò, náhàwù yẹn ti gba iṣẹ́ púpọ̀ kúrò lọ́rùn rẹ. Ẹni tó bá mọ ìdí tí «al-waladu» fi ń di «al-walada» nígbà tó bá jẹ́ àbọ̀, tó tún ń di «al-waladi» lẹ́yìn ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ti mọ ohun tí Látìn ń ṣe. «Puella» ni olùwà, «puellam» ni àbọ̀. «Puella canem videt»: ọmọbìnrin ń wo ajá. Yí i sódì, «canem puella videt», ọmọbìnrin náà ló ṣì ń wo ajá, torí ìparí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan, kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí. Ẹni tí kò kéwú pàápàá ní in lẹ́nu. «Mo rí ọ», «o rí mi»: kò sí Yorùbá tó máa sọ pé «mi rí o». Ohun tí a ń ṣe fún «mo» àti «mi», Látìn ń ṣe é fún gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ṣùgbọ́n náhàwù máa tàn ọ́ láwọn ibì kan. Ipò, ìyẹn ìrísí tí ọ̀rọ̀ orúkọ ń gbé wọ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn, mẹ́ta ni ti Lárúbáwá. Ti Látìn jẹ́ mẹ́fà tí a bá ka ti ìpè mọ́ ọn, wọ́n sì pín ọ̀rọ̀ orúkọ sí ìsọ̀rí márùn-ún, tí ìkọ̀ọ̀kan ní ìparí tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ atọ́kùn, má retí ipò kan ṣoṣo bíi majruur ti Lárúbáwá. «Ad» ń fẹ́ accusative (ipò àbọ̀, bíi «puellam»), «cum» ń fẹ́ ablative (ipò mìíràn tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ atọ́kùn), «in» sì ń gba méjèèjì: «in urbem» ni kí èèyàn wọ ìlú lọ, «in urbe» ni kó wà nínú rẹ̀. «In causa sua» tó wà nínú «nemo judex in causa sua» (ẹnikẹ́ni kì í ṣe adájọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀) tí ẹ̀ ń há sórí yẹn, ablative ni. Látìn tún ní ẹ̀yà kẹta tí kì í ṣe akọ, tí kì í ṣe abo, olùwà àti àbọ̀ rẹ̀ kì í sì yàtọ̀ síra: «bellum», ogun, lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà máa ń ka gbólóhùn sódì.

«Reus» àti «rea» kò le. Bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orúkọ nínú Lárúbáwá náà ni: ní ẹ̀yà, ní iye, ní ipò. Kò sí «al» nínú Látìn, ìyẹn ti bọ́ sílẹ̀. Akọ ni «actus», ó mú «reus». Abo ni «mens», ó mú «rea». Má fi ìró wá a o. «Mens» kò parí sí a, síbẹ̀ «rea» ló fẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà:
Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè fún kíláàsì ìdánwò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ gbé «audi alteram partem» síwájú olùkọ́, kí ẹ ní kó tú u palẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó sọ pé àṣẹ fún ẹnì kan ni «audi», láti ara «audīre»; pé accusative ni «partem», pé «pars, partis» ló ti wá, abo sì ni; pé «alteram» ń tẹ̀lé «partem». Tó bá kàn ní «gbọ́ ti ẹnì kejì» tó dákẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ yẹn, akọ̀wé kóòtù náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45 sí 60, sàn ju wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un lójoojúmọ́ tí kò bá sí kíláàsì. Ẹ má lo Zoom ọ̀fẹ́, ìṣẹ́jú 40 ló máa já; Google Meet kì í já bẹ́ẹ̀ fún èèyàn méjì. Tí dátà bá ń sá, ẹ pa fídíò, kí ẹ fi ohùn nìkan ṣe é, kí olùkọ́ sì ti fi ojú ìwé tí ẹ máa kà ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ ti gbà á sórí fóònù kí iná tó lọ.

Ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ máa fi àkókò yín ka ìparí ọ̀rọ̀ fún yín. Iṣẹ́ wálàá ni ìyẹn: ẹ há a, ẹ kà á sókè láàárọ̀. Kíka gbólóhùn àti títún àṣìṣe ṣe ni ẹ ń sanwó fún. Ẹ fi ọwọ́ kọ iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ máa fo ìlà kan láàárín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kó dé orí WhatsApp olùkọ́ ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú. Tí ẹ bá gbé e dé ọjọ́ kíláàsì, ìdajì kíláàsì ti lọ síbi kí olùkọ́ máa wo ohun tí ẹ kọ.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ rú ní oṣù kejì ni pé wọ́n kọ́ «rex» pé ọba ni, wọ́n dúró síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé «regem», wọ́n wá a títí nínú ìwé atúmọ̀ èdè, wọn kò rí i. «Rēx, rēgis, akọ» ni kí ẹ kọ sí káàdì. Ọ̀rọ̀ ìṣe ní tirẹ̀ jẹ́ mẹ́rin: «amō, amāre, amāvī, amātum». Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó, AnkiDroid, áàpù tó ń fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ dán ọ̀rọ̀ wò, ò gba kọ́bọ̀ lórí Android.

Ní ti ìwé, Wheelock's Latin ní orí 40, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ṣàlàyé. Orí kan lọ́sẹ̀ jẹ́ bí oṣù mẹ́wàá. Familia Romana ní orí 35, Látìn pọ́ńbélé ni láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ olùkọ́ tó lè sọ Látìn lẹ́nu. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Owó: ẹ san ti kíláàsì mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ sì bi báńkì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ bóyá káàdì yín ń ṣiṣẹ́ lórí ìkànnì òkèèrè.

Ìyá Òmù-Àrán:
Ọmọ mi, wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìwé, jẹ́ kí n sọ ti ẹnu. P tiwa kọ́ ni p wọn. Ètè nìkan ló ń pe tiwọn, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Má pe «pater» bí ẹni ń pe «pátákó». Nínú ìpè àtijọ́, k ni c níbi gbogbo, w sì ni v. Ìpè ìjọ Àgùdà yàtọ̀: c tó bá ṣáájú e tàbí i máa ń dún bíi ch Gẹ̀ẹ́sì. Mú ọ̀kan pẹ̀lú olùkọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìparí ọ̀rọ̀ ló léwu jù, torí ahọ́n wa kì í fẹ́ kọ́ńsónáǹtì níbẹ̀. «Canis» ni ajá tó jẹ́ olùwà. Gbé s jù, «canī» ni olùkọ́ máa gbọ́, ó ti di dative, ipò ẹni tí a fún ní nǹkan. M ìparí nìkan ló rọrùn fún wa: àwọn ará Róòmù fúnra wọn máa ń fi imú pe fáwẹ́lì tó ṣáájú rẹ̀, «-am» sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí «an» tiwa.

Ìlà orí fáwẹ́lì ńkọ́, bíi ti ā? Nínú ìwé Yorùbá, irú ìlà bẹ́ẹ̀ lórí n ń tọ́ka sí ohùn àárín. Nínú Látìn, gígùn ni, kì í ṣe ohùn. Kà á bíi «aa» nínú aago. «Mālum» ni èso ápù, «malum» ni ohun búburú. «Causa» ni olùwà, «causā» ni ablative. Tẹ a mọ́lẹ̀ pẹ́ lórí Gboard, kíbọọ̀dù fóònù Android, ā máa yọ síta. Ibi tí wàá ti gbé ohùn sókè: tí sílébù tó ṣìkejì ìparí bá gùn tàbí tí kọ́ńsónáǹtì bá sé e, òun ni, bíi «amīcus», bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó ṣáájú rẹ̀, bíi «dominus». Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ sílébù méjì, àkọ́kọ́ ni. Fi ohùn kíkà ìṣẹ́jú kan ránṣẹ́ sí olùkọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ Tanke:
Ẹ ṣeun púpọ̀, mà, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹni tí mo rí ń gbé ní London, ó ní agogo méje alẹ́ tiwọn. Ṣé kò ní dà mí rú?

Ọmọ Ọ̀fà:
Ó máa dà yín rú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tí ẹ kò bá múra. Aago tiwa kì í yí, tiwọn ń yí. Láti Sunday tó kẹ́yìn oṣù March dé Sunday tó kẹ́yìn oṣù October, méje wọn ni méje wa. Lẹ́yìn ìyẹn, méje wọn di mẹ́jọ wa. Ẹ fi aago London kọ kíláàsì sínú kàlẹ́ńdà fóònù, òun fúnra rẹ̀ á ṣírò ìyókù. Tí agogo mẹ́jọ bá kọlu Ìṣáì, ẹ tètè sọ fún un báyìí, kí ẹ lè jọ wá àkókò mìíràn kí October tó dé.