Owó ń kúrò nínú àkáǹtì, kò dé ibi tó ń lọ. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ @Transactional

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú tó bá gùn, orí mi ti gbóná. Mo kọ áàpù kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí n'Ìbàdàn, àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹni tó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ á ṣe é lórí fóònù, kò ní máa dúró de akápò mọ́. Spring Boot ni mo fi kọ ọ́ (irinṣẹ́ Java fún kíkọ áàpù), pẹ̀lú Hibernate tó ń bá mi kó nǹkan sínú dátábéèsì. Láti bí oṣù méjì, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé owó á kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó gbà á. Ìyá kan pàdánù ₦15,000 báyìí lọ́jọ́ Ẹtì, tí ẹ bá wá wo ìtàn àkáǹtì wọn nínú áàpù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi bí ẹni pé wọn ò fọwọ́ kan fóònù rárá, bẹ́ẹ̀ owó ti dín. Alága wá ń wò mí bí ẹni ń wo olè. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ò ṣeé gbára lé, pé ìwé àti gègé ò já àwọn kulẹ̀ rí, wọn ò sì tíì san ìdajì owó iṣẹ́ mi. Iná ò sí láti àárọ̀ Ọjọ́rú, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ń dún lójú fèrèsé mi, ìyàwó mi ní kí n gbé iṣẹ́ náà jù sílẹ̀. Mo sì fi @Transactional, àmì Spring tó ń so àwọn iṣẹ́ dátábéèsì pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo (transaction), sórí method, ìyẹn abala kóòdù, tó ń fi owó ránṣẹ́ o! Mo fi sí i! Wọ́n ní tí nǹkan bá já láàárín, gbogbo ẹ̀ á padà sí bó ṣe wà. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa ni? Ẹ gbà mí.

Bọ̀dá Kóòdù:
Ẹ kú ìrọ́jú. A ti gbọ́ ti alága, a gbọ́ ti jẹnẹrétọ̀, a gbọ́ ti ìyàwó, a ò rí ìlà kóòdù kan ṣoṣo. Dátábéèsì wo lẹ̀ ń lò? Spring Boot ẹ̀yà wo? Kí ni log (ibi tí áàpù ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí) sọ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn?

Àǹtí Làídé:
Mo mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ àbúrò, ó ṣe mí rí. Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ni Spring máa ń torí ẹ̀ ṣe rollback, ìyẹn ni pé kó dá gbogbo ẹ̀ padà, o. RuntimeException àti Error nìkan ni. Tí kóòdù ẹ bá ju Exception lásán, irú èyí tí Java máa ń fi dandan lé e pé kó o kọ throws fún, commit ló máa ṣe, á fọwọ́ sí i pé ó ti wọlé, kò ní wojú ẹ. Kọ @Transactional(rollbackFor = Exception.class). Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá a nígbà yẹn, mo lóyún oṣù méje, ẹsẹ̀ mi wú, ọ̀gá mi ń pè mí láago méjì òru pé ọjà ti kúrò nínú stock ṣùgbọ́n kò sí order. Ẹ jẹ́ n má sọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn.

Sàámú PHP:
Java ló fà á. Ní Laravel ti àwa ará PHP, DB::transaction, kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀, ó tán. Ẹ̀yin ará Java á kàn de àmì kan mọ́ orí method bí ẹni de oǹdè mọ́ ọmọ lọ́rùn, ẹ óò wá máa retí pé kó jẹ́.

Bọ̀dá Kóòdù:
Sàámú, ẹni tó ń béèrè ọ̀nà Ọ̀yọ́ lo ń júwe ọ̀nà Ìjẹ̀bú fún.

Sàámú PHP:
Ṣé mo purọ́ ni?

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ẹ ṣé àǹtí mi. Mo ti fi rollbackFor sí i, mo dán an wò, bákan náà ni. Ẹ̀gbọ́n Kóòdù, ẹ má bínú, mi ò lè kó kóòdù síta torí alága ní ẹgbẹ́ ló ni ín (owó tí wọn ò tíì san tán o). Bó ṣe ń lọ nìyí: method yẹn á yọ owó lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, á kọ ọ́ sí ìtàn, á fi SMS ránṣẹ́ sí i pé owó ẹ ti kúrò, lẹ́yìn náà á wá fi kún ti ẹnì kejì. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì àwọn oní-SMS bá ń ṣe ségesège ló máa ń ṣẹlẹ̀. Spring Boot 2.3 ni. Ó sì ti ṣiṣẹ́ dáadáa rí.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Inú kíláàsì kan náà lo ti ń pe method yẹn àbí láti ìta? Torí pé Spring máa ń fi aṣojú kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ẹ, aṣojú yẹn ló ń ṣí transaction, òun náà ló ń tì í. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé ló máa pàdé ẹ̀. Tí method kan bá ti yàrá pe èkejì nínú ilé kan náà, kò dé ẹnu ọ̀nà, aṣojú ò rí i, oǹdè Sàámú ò ní jẹ́ lóòótọ́. Tí method yẹn bá jẹ́ private (tí ará ìta ò lè pè) náà, bákan náà lọmọ ń ṣorí.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Rárá mà, controller, kíláàsì míì tó ń gba ìbéèrè láti orí fóònù, ló ń pè é, public ni. Ẹ dákun ẹ má fojú ọmọdé wò mí, ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń kọ Java.

Àǹtí Làídé:
Ta ló fojú ọmọdé wò ẹ́? Ìwọ lo ní ká gbà ẹ́.

Alàgbà Tábìlì:
SMS láàárín transaction! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí. Ṣé o mọ̀ pé gbogbo àsìkò tó o fi ń dúró de àwọn oní-SMS, connection kan, okùn tó so áàpù mọ́ dátábéèsì, lo dì mú sọ́wọ́ láìfi ṣe nǹkan kan? HikariCP, olùtọ́jú connection tó bá Spring Boot wá, mẹ́wàá péré ló máa ń ní tí o ò bá yí i padà. Èèyàn mẹ́wàá bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà tí SMS sì ń fà, ẹni kọkànlá á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, á gba àṣìṣe lọ. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìwé rìsíìtì PDF ni wọ́n ń tẹ̀ láàárín transaction, gbogbo òpin oṣù ni sáfà ń kú, wọ́n ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n pe pásítọ̀ wá o. Mi ò ṣàwàdà.

Bọ̀dá Kóòdù:
Òótọ́ ni àgbà ń sọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ṣàlàyé owó tó dín. Nǹkan kan ò sì yé mi. Hibernate kì í sáré gbé UPDATE (àṣẹ tó ń yí iye padà) lọ sí dátábéèsì. Ìrántí ara ẹ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀ sí, ó di ìgbà tó bá fẹ́ ṣe commit, tàbí tó o bá bi í ní ìbéèrè tó kan tábìlì yẹn, kó tó fi í ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ SMS ló já, ó yẹ kí UPDATE yẹn ṣì wà nílé. Báwo ló ṣe dé tábìlì?

Ọmọ Òkè-Àdó:
saveAndFlush ni mo lò, èyí tó ń gbé e lọ sí dátábéèsì lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan sọ nínú fídíò pé òun ló dájú jù.

Sàámú PHP:
Ẹ ti rí i báyìí. Ó ti flush, ó ti wọlé nìyẹn, kò lè jáde mọ́.

Bọ̀dá Kóòdù:
Sàámú jọ̀ọ́. Flush kì í ṣe commit. Flush ni pé o gbé ọjà dé orí káńtà, commit ni pé o sanwó. Ẹni tí kò tíì sanwó lè dá ọjà padà. Rollback ṣì gbọ́dọ̀ mú un.

Sàámú PHP:
Kò kúkú mú un. Owó ìyá dà?

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Ẹ dúró ná, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ padà lọ ka ohun tó kọ́kọ́ kọ. Ó ní owó dín, ìtàn ò sí. Ó wá tún ní ìtàn ni òun ń kọ ṣáájú SMS. Tí rollback ò bá ṣẹlẹ̀ rárá, ṣebí ó yẹ kí ìtàn wà níbẹ̀ pé owó kúrò? Ìtàn yẹn wọlé, wọ́n sì dá a padà. Rollback ń ṣiṣẹ́! Tábìlì kan gbọ́ràn, èkejì di etí. Dátábéèsì wo ni, àbúrò? Wọ́n ti bi ẹ́ látàárọ̀, o ò dáhùn.

Ọmọ Òkè-Àdó:
MySQL 5.7 ni mà. Mi ò rò pé ìyẹn kàn án, MySQL ṣáà ni MySQL.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Tẹ SHOW TABLE STATUS, wo ibi tí wọ́n kọ Engine (ohun tí MySQL fi ń tọ́jú tábìlì kọ̀ọ̀kan) sí, kọ ohun tó o bá rí síbí.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ẹ má bínú, bátìrì kú ni, mo ní láti lọ ṣáàjì níbi ìyá onígààrí.
akanti: MyISAM
omo_egbe: MyISAM
itan: InnoDB
Kí ni wọ́n ń pè ní MyISAM?

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Yéè. Òun nìyẹn.
MyISAM ò mọ ohun tó ń jẹ́ transaction rárá. Ohun tó bá ti kọ, ó ti kọ ọ́. Nígbà tí SMS já, Spring ní kí MySQL dá gbogbo ẹ̀ padà, InnoDB gbọ́, ó pa ìtàn rẹ́, MyISAM ní òun ò gbọ́ èdè yẹn, owó sì dín síbẹ̀. Tiẹ̀ tún wo nǹkan: MySQL máa ń kìlọ̀, ìkìlọ̀ 1196, pé àwọn tábìlì kan wà tí òun ò lè dá padà, àmọ́ ìkìlọ̀ lásán ni, kì í ṣe àṣìṣe, kóòdù ẹ ò ní torí ẹ̀ dúró. Spring ò purọ́ fún ẹ. Ó bẹ tábìlì ni, tábìlì ò lè ṣe é.

Alàgbà Tábìlì:
Láti MySQL 5.5 ni InnoDB ti di èyí tí MySQL fúnra ẹ̀ ń mú tí o ò bá sọ nǹkan. Báwo ni ti ìwọ ṣe di MyISAM ní 5.7? Wo application.properties ẹ, fáìlì ètò áàpù, kí lo kọ sí dialect, èdè tí Hibernate máa fi bá dátábéèsì sọ̀rọ̀?

Ọmọ Òkè-Àdó:
MySQL5Dialect. Ibi tí mo ti kọ́ Spring nígbà yẹn ni mo ti dà á kọ. ddl-auto=update, ètò tó ń jẹ́ kí Hibernate máa dá tábìlì, ló dá akanti àti omo_egbe sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìtàn ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, akápò ló ní àwọn fẹ́ máa rí i, èmi fúnra mi ni mo fi phpMyAdmin (ojú ìwé tí wọ́n fi ń ṣètò MySQL) dá a ní bí oṣù méjì sẹ́yìn.

Bọ̀dá Kóòdù:
Ó ti bọ́ sí i. MySQL5Dialect nínú Hibernate 5.4 tó bá Spring Boot 2.3 wá, MyISAM ló máa ń kọ sí ẹ̀yìn CREATE TABLE, àṣẹ tó ń dá tábìlì. MySQL55Dialect ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ InnoDB. Lo MySQL57Dialect. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní yí tábìlì tó ti wà padà o, update kì í fọwọ́ kan engine. Ìwọ fúnra ẹ lo máa tẹ ALTER TABLE akanti ENGINE=InnoDB, kó o tún tẹ ti omo_egbe.

Alàgbà Tábìlì:
Kó tó tẹ ohunkóhun, mysqldump kọ́kọ́, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo dátábéèsì! Kó o sì gbé e kúrò lórí sáfà yẹn. Lẹ́yìn náà kó SMS yẹn jáde. @TransactionalEventListener wà, lẹ́yìn commit ló máa ń ṣiṣẹ́ tí o ò bá sọ fún un pé ìgbà míì. Èèyàn kì í kéde ọmọ kí wọ́n tó bí i.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Àmọ́ ó ti ṣiṣẹ́ dáadáa rí kí n tó fi ìtàn sí i, ṣé kì í ṣe ìtàn ló bà á jẹ́?

Àǹtí Làídé:
Kò ṣiṣẹ́ rí. Kò kàn sí ìwé tẹ́ ẹ fi máa mọ̀ ni.

Sàámú PHP:
😂😂 Àǹtí ẹ dá a sí.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Tó o bá ti tún un ṣe, kó gbogbo ohun tó wà nínú itan pọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, SUM, kó o fi wé owó tó wà nínú akanti. Àwọn tí kò bá dọ́gba ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ. Ọjọ́ tí mo dá itan, mo kọ owó tí kálukú ní lọ́jọ́ náà sí ìlà àkọ́kọ́, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti ń pariwo, tẹ́nì kan bá ti ké pé owó òun ò dé, èmi ni mo máa ń fi UPDATE kún un fún wọn lálẹ́, nínú phpMyAdmin, kí alága má baà gbọ́. Mi ò kọ ọ́ sí itan.

Alàgbà Tábìlì:
O ń fi ọwọ́ tún owó àwọn èèyàn ṣe lóru láìkọ ọ́ síbì kankan, o wá ní wọ́n ń wò ẹ́ bí olè?

Bọ̀dá Kóòdù:
Ẹ rọra, àgbà. Ẹ̀rù ló bà á.

Alàgbà Tábìlì:
Ẹ̀rù kẹ̀? Ibi tó ti yẹ kẹ́rù bà á gan-an nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Ó ṣì ṣeé yanjú. Ẹni tó gbà ni o fi kún fún, àbí? Ẹni tó fi ránṣẹ́ á dín láìsí ìtàn, ẹni tó o fi kún fún á lé ní iye kan náà láìsí ìtàn. Wọ́n á jáde ní méjì-méjì. Èyí tó bá dín tí kò ní ìkejì ni owó tó sọnù.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Mo ti ṣe é. Dump wà lórí fláàṣì mi. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ò tó 400, ALTER ò pẹ́ rárá. Mo pa SMS lójú ẹ̀, mo fi ₦100 dán an wò, gbogbo ẹ̀ padà, àti owó àti ìtàn. Àkáǹtì mọ́kànlá ni kò dọ́gba. Mẹ́jọ jẹ́ méjì-méjì, mo bá gbogbo wọn nínú WhatsApp èmi àti akápò. Ó ku mẹ́ta tó dín láìní ìkejì. Ìkan ni ₦15,000 ìyá yẹn. Méjì tó kù, ₦4,000 àti ₦2,500, àwọn wọ̀nyẹn ò tíì ké rárá. Wọn ò mọ̀.

Àǹtí Làídé:
Kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, gbé e lọ bá akápò àti alága lónìí, títí kan ti phpMyAdmin. Kó o sì pe àwọn méjì yẹn kí wọ́n tó pè ẹ́.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Mo ti pe ẹni tó ni ₦4,000, wọ́n ní àwọn rò pé ọmọ àwọn ló mú un. Ẹnì kejì ò gbé e. Màá tún pè lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́.